Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tí Ó Wà Nínú Omi: Ìtàn Ẹ́ńjìnnì Ojú Omi àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ tí a bí sí àgbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, tí iṣu àti àgbàdo àti kòkó jẹ́ iṣẹ́ àwọn bàbá rẹ̀, mú gègé láti kọ ìtàn nípa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Wọn yóò wí pé, kí ni ó kan ará òkè nínú ọ̀rọ̀ omi? Ṣùgbọ́n kí wọn rántí pé Ọ̀sẹ́ tí a fi sọ apá kan ilẹ̀ wa lórúkọ, odò ni. Láti òkè Èkìtì ni odò náà ti ń ṣàn bọ̀, tí ó gba inú òkúta àti igbó wa kọjá, tí ó sì ń lọ sí ìhà gúúsù títí ó fi wọ ilẹ̀ Bìní, tí omi rẹ̀ sì bá omi odò ńlá Bìní lọ sínú òkun. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1976 pàápàá, láti orí àwọn òkè Àkókó ni ó ti nà títí dé etí òkun Ìlàjẹ. Àwọn ọmọ wa tí ó jẹ́ olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni a ń rán lọ sí etí omi lójoojúmọ́, àwọn mìíràn tí Ọlọ́run sì ti bùkún fún ní Èkó ti ra ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí wọ́n fi ń najú lórí ọ̀sà. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Ohun tí ó mú mi wádìí rẹ̀ nìyí. Ní ọdún 2009, a rán èmi àti àwọn olùkọ́ mẹ́ta láti lọ ṣe àbójútó ìdánwò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní etí omi. Ní Igbókòdá ni a ti wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ èrò. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni, tí ọlọ́lá kan yọ̀ǹda fún ilé-ẹ̀kọ́ náà. A kùn ún ní funfun, ó ní tìmùtìmù lórí ìjókòó, ó sì ní ìbòrí tí oòrùn kò fi lè pa wá. Inú wa dùn. Nígbà tí a rìn dé ibi tí omi ti fẹ̀, lójijì ni ariwo ẹ́ńjìnnì lọ sókè bí ti ẹranko tí a ta lọ́fà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ dúró. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń wa ọkọ̀ náà fa ọwọ́ gíà síwájú, ó fà á sẹ́yìn, pàbó ni ó já sí. Omi sì ń fà padà sí òkun ní wákàtí náà, ó ń gbé wa lọ díẹ̀díẹ̀. A wo inú ọkọ̀ dáradára yìí yíká, a kò rí àjẹ̀ kan ṣoṣo. Bí wákàtí méjì ni a fi wà bẹ́ẹ̀, tí ìwé ìdánwò àwọn ọmọ wà lórí itan wa, kí àwọn apẹja méjì kan tí ń fi ọwọ́ tu ọkọ̀ igi wọn tó rí wa, tí wọ́n sì so okùn mọ́ wa.

Nígbà tí mẹkáníìkì tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà ní ọjọ́ kejì, ohun tí ó ṣàn jáde kò jọ ọ́ìlì. Ó funfun bí ẹ̀kọ mímu. Ó yọ abẹ̀bẹ̀ irin tí ń ti ọkọ̀ kúrò, ó sì fa okùn ọ̀rá tí àwọn apẹja fi ń so àwọ̀n jáde lẹ́yìn rẹ̀; okùn náà ti ká mọ́ ọ̀pá irin pinpin, ó sì ti gé rọ́bà tí ń dí omi. Mẹkáníìkì béèrè ìgbà tí a ti pààrọ̀ ọ́ìlì gíà rẹ̀ kẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dáhùn pé láti ìgbà tí a ti ra ọkọ̀ náà kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, nítorí pé ó ń dún dáradára.

Gbólóhùn yẹn, “ó ń dún dáradára”, kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé, mo sì ń bi àwọn tí ó mọ̀. Ohun tí mo rí ni pé ìtàn ọkọ̀ ojú omi láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn jẹ́ ìtàn bí a ti ń gbé iṣẹ́ ìrìnàjò kúrò lójú ènìyàn lọ sí ìsàlẹ̀ omi, níbi tí ojú kò tó. Bí iṣẹ́ náà ti ń fara pamọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀ ń kúrò lọ́wọ́ ojú, tí ó ń di ti ọjọ́ tí a dá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àjẹ̀. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, ẹni tí ó ń tu ọkọ̀ di ohun tí ń ti ọkọ̀ náà mú lọ́wọ́. Bí àjẹ̀ bá sán, ó rí i. Bí apá bá rẹ̀ ẹ́, ó mọ̀. Igi kan ṣoṣo ni a gbẹ́ di ọkọ̀, a sì ń fà á gòkè sí èbúté kí a lè fi iná rá ìdí rẹ̀, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Kò sí ohun kan tí ó pamọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ Àrògbò fi ń ṣòwò títí lọ sí Èkó, irú wọn náà ni ó sì wà ní Ughoton, èbúté Bìní, nígbà tí àwọn Potogí dé ibẹ̀ láàárín ọdún 1480 sí 1490.

Ní ọdún 1832 ni ọ̀tun wọlé. Macgregor Laird, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ẹbí rẹ̀ ń kan ọkọ̀, mú ọkọ̀ méjì wọ odò Ọya, Quorra àti Alburkah ni orúkọ wọn. Omi gbígbóná ni ó ń fún wọn lágbára, kẹ̀kẹ́ ńlá onípátákó tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn ni ó sì ń gbá omi sẹ́yìn. Ibà pa púpọ̀ nínú àwọn Òyìnbó tí ó wá. Nínú 48 tí ó gbéra, 9 péré ni ó padà sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo ń sọ. Kẹ̀kẹ́ náà ga, ó ń pariwo, ó ń ta omi sókè. Ọmọdé tí ó dúró ní etí odò lè rí i bí pátákó kan bá ti já. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìgbì a máa gbé e kúrò nínú omi, ọta ìbọn ogun sì lè fọ́ ọ pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Àbùkù yìí ni ó mú kí àwọn kan ronú láti rì kẹ̀kẹ́ mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ní ọdún 1836, àwọn méjì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ìlú London láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ síra wọn: Francis Pettit Smith, àgbẹ̀ ọlọ́sìn, àti John Ericsson, ará Sweden. Ti Smith ni ó dùn mọ́ mi jù. Igi ni ó kọ́kọ́ gbẹ́, ó lọ́ ọ gígùn bí ẹnu ìdè onírin tí a ń lọ́ wọ inú pákó, ó sì dè é mọ́ ìdí ọkọ̀ kékeré kan. Ní ọjọ́ kan ní ọdún 1837, nígbà tí ó ń dán an wò lórí omi tí a gbẹ́ ní London, igi náà kan nǹkan, apá kan rẹ̀ sì dá. Ó rò pé iṣẹ́ òun ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé kúkúrú dára ju gígùn lọ, tí ohun gígùn lílọ́ fi di abẹ̀bẹ̀ kékeré tí a mọ̀ lónìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1845, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì so ọkọ̀ ogun méjì ní ìdí sí ìdí kí wọn fa ara wọn: Rattler tí ó ní abẹ̀bẹ̀ lábẹ́ omi, àti Alecto tí ó ní kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀gbẹ́. Rattler wọ́ Alecto sẹ́yìn, bí ẹni wọ́ ewúrẹ́ tí ó kọ̀ láti lọ sí ọjà, bí kẹ̀kẹ́ Alecto tilẹ̀ ń yí pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí abẹ̀bẹ̀ ti wọ abẹ́ omi ni wàhálà tuntun dé. Ọ̀pá irin tí ń yí i ní láti gba inú ihò kan jáde láti inú ọkọ̀ sí inú omi. Ibi tí ọ̀pá bá ti lè jáde, omi lè gba ibẹ̀ wọlé. Idẹ tí wọ́n fi ṣe ìgbọ́kàn ọ̀pá náà ń jẹ kíákíá, ọ̀pá a máa mì, omi a máa ya wọlé. Ní ọdún 1854 ni John Penn rí ojútùú rẹ̀, igi ni ó sì lò. Ó to pátákó igi líle kan tí ó ti ìhà Amẹ́ríkà wá, tí a ń pè ní lignum vitae, yí inú ihò náà ká, ó sì jẹ́ kí omi máa ṣe iṣẹ́ epo fún un. Àwa tí a dàgbà láàárín gẹdú àti ìrókò kò ní ṣàì yọ̀ díẹ̀ pé igi ni ó gba irin là.

Ní ọdún 1854 yìí kan náà ni ọmọ Yorùbá kan wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gòkè odò Ọya. Samuel Àjàyí Crowther ni, ọmọ Òṣogùn, tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ọkọ̀ náà ni Pleiad, tí abẹ̀bẹ̀ abẹ́ omi ń tì, Dókítà William Balfour Baikie ni ó sì jẹ́ olórí rẹ̀. Wọ́n gba odò Ọya wọ odò Bẹ́núé, wọ́n lọ jìnnà ju ibi tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kankan ti dé rí lọ, wọ́n sì padà láìsí Òyìnbó kan tí ibà pa, nítorí pé wọ́n ń lo kuníínì déédéé. Ẹ kíyè sí i: lílò ó déédéé ni ó ṣe é, kì í ṣe ìgbà tí ara bá gbóná nìkan. Crowther kọ ìwé ìròyìn ìrìnàjò náà, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1855.

Àwa ará Èkó àti agbègbè rẹ̀ ti kọ́kọ́ rí ohun tuntun yìí lójú ogun. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851 láti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, ọkọ̀ Bloodhound tí ó wá jẹ́ oníkẹ̀kẹ́, ọkọ̀ Teaser sì jẹ́ alábẹ̀bẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ kò gba Teaser lọ́wọ́ iyanrìn ọ̀sà. Ó fi ìdí gúnlẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ oníkẹ̀kẹ́ kò sì tètè parẹ́ ní ìhà wa, nítorí pé omi wa kò jìn. Ní ọdún 1894, nígbà tí wọ́n bá Nana Olomu jà ní Ebrohimi lórí odò Bìní, ibi tí omi Ọ̀sẹ́ wa ń gbà lọ sí òkun, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ wọn ń jẹ́ Alecto, orúkọ kan náà pẹ̀lú èyí tí a wọ́ sẹ́yìn ní ọdún 1845, oníkẹ̀kẹ́ sì ni òun náà.

Títí di ìgbà yìí, ohun ọlọ́lá àti ti ìjọba ni ẹ́ńjìnnì ojú omi. Ẹni tí ó sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn kan lè fi ọwọ́ gbé ni Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Norway tí ó dàgbà sí Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ronú rẹ̀, nítorí Cameron Waterman ti ń ta tirẹ̀ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n ti Evinrude ni ó tàn kálẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú gidigidi, ó wa ọkọ̀ àjẹ̀ sọdá adágún láti lọ ra áísíkrímù fún ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya, ṣùgbọ́n kí ó tó padà dé, áísíkrímù ti yọ́ di omi. Ìfẹ́ a máa kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́. Ní ọdún 1909 ó bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin kan àti ààbọ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí kílò 28 lọ, tí a lè fi kọ́ ìdí ọkọ̀ èyíkéyìí. Ní àwọn ọdún 1950, irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ti wọ ọwọ́ àwọn apẹja ní Senegal àti Ghana. Ilé-iṣẹ́ Yamaha ti Japan ṣe èyí àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní ọdún 1960, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì dúró ní èbúté Igbókòdá lónìí yóò rí orúkọ náà lórí ìdí ọkọ̀ púpọ̀. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó sí etí òkun Ìlàjẹ ní ọdún 1947, nígbà kan rí, àwọn ará ìlú ń kan ọkọ̀ fúnra wọn, wọ́n ní ilé iṣẹ́ ọwọ́ wọn, wọ́n sì gbẹ́ ọ̀nà omi. Ó dunni pé òkun ti jẹ apá púpọ̀ nínú ìlú náà lọ.

Ti ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni ó kù. Àwọn tí ó fẹ́ afẹ́ kò fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kọ́ sí ìta. Ní ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ Volvo Penta ti Sweden gbé ohun tí Jim Wynne, ará Amẹ́ríkà, ronú jáde: ẹ́ńjìnnì bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ irin kan sì yọ síta láti ìdí rẹ̀ wọ inú omi. Wọ́n pè é ní Aquamatic. Irú rẹ̀ ni ó wà ní ìdí púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ títí di òní, tí tòkunbọ̀ wọn sì ń wọlé sí Èkó.

Nísisìyí, ẹ jẹ́ kí a wo inú ẹsẹ̀ náà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Yálà ó kọ́ sí ìdí ọkọ̀ bíi ti Evinrude tàbí ó yọ láti inú bíi ti Wynne, ètò inú rẹ̀ bára mu. Ọ̀pá kan ń yí láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú àpótí irin tí ó rí bí orí ẹja, ọ̀pá yìí bá gíà pàdé, gíà sì yí agbára náà padà kí ó lè lọ sẹ́yìn sí abẹ̀bẹ̀. Nínú púpọ̀ wọn, gíà méjì ni ó dojú kọ ara wọn níbẹ̀, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, irin kékeré kan ń sún láàárín wọn láti yan èyí tí yóò ṣiṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 5,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, abẹ̀bẹ̀ yóò máa yí ní nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Gbogbo ìjà yìí wáyé nínú àpótí tí kò tóbi ju orí àgbò lọ, inú ọ́ìlì díẹ̀ ni wọ́n sì ti ń jà, ní àárín omi. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ nìkan ni ó pààlà láàárín ọ́ìlì àti omi.

Nígbà tí ọkọ̀ bá sáré, inú àpótí náà a gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a sì fẹ̀. Bí a bá pa ẹ́ńjìnnì, tí omi tútù bá a, afẹ́fẹ́ náà a súnkì. Bí rọ́bà bá ti gé, ìsúnkì yìí ni yóò fa omi wọlé bí ẹni fi ẹnu fa omi. Omi a pò mọ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì a di funfun, agbára tí ó ní láti ya irin kúrò lára irin a pin, eyín gíà a sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ara wọn. Ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ tí yóò kú, yóò máa dún dáradára. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa kò mọ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n rọrùn. Nọ́ọ̀tì méjì ni ó wà lára àpótí náà, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan ní òkè. A óò gbé ẹsẹ̀ náà dúró gangan, a óò gbé abọ́ sí abẹ́ rẹ̀, a óò tú ti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ọ́ìlì tí ó dára a máa dúdú díẹ̀ tàbí kí ó mọ́. Bí ó bá funfun, omi ti wọ̀ ọ́. Bí eruku irin tí ń dán bá wà nínú rẹ̀, ìdọ̀tí díẹ̀ kò ní ìyọnu, ṣùgbọ́n bí a bá rí èérún irin tí ó tó èékánná ọmọdé, kí a má ṣe tàn ara wa. Nígbà tí a bá fẹ́ rọ tuntun, láti ihò ìsàlẹ̀ ni a ti ń rọ ọ́ gòkè, kì í ṣe láti òkè wá, nítorí pé bí ó bá ti òkè wá, afẹ́fẹ́ yóò há sí inú rẹ̀. Nígbà tí ọ́ìlì bá yọ ní ihò òkè, a óò kọ́kọ́ dí ti òkè, kí a tó dí ti ìsàlẹ̀ kíákíá. Wáṣà tuntun ni kí a lò sí nọ́ọ̀tì méjèèjì. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tí ó ra ẹ́ńjìnnì olówó ńlá tí ó kọ̀ láti ra wáṣà. Àwọn tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì náà sọ pé kí a pààrọ̀ ọ́ìlì yìí lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá wà ní tuntun, lẹ́yìn náà ní gbogbo 100 wákàtí iṣẹ́, tàbí lọ́dọọdún ó kéré tán. Ọ́ìlì ti ọkọ̀ ojú omi ni kí ó jẹ́, kì í ṣe èyíkéyìí tí a bá rí lọ́wọ́ ẹni tí ń tún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe.

Ní ọjọ́ kan náà ni kí a yọ abẹ̀bẹ̀ kúrò, kí a wò bóyá okùn ọ̀rá ti ká mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí a nu ọ̀pá rẹ̀, kí a sì fi gíríìsì pa á. Ẹni tí kò bá fi gíríìsì pa á yóò rí i ní ọjọ́ tí ó bá fẹ́ yọ ọ́ pé iyọ̀ ti so méjèèjì pọ̀. Ní ayé àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, irin kékeré kan tí kò le ni ó so abẹ̀bẹ̀ mọ́ ọ̀pá, kí ó lè dá bí a bá kan ìtì igi, kí gíà má baà fọ́. Atukọ̀ tí ó gbọ́n a máa kó irú irin bẹ́ẹ̀ sápò. Rọ́bà tí ó wà ní àárín abẹ̀bẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà nínú púpọ̀ lónìí.

Ìyókù kò gùn. Nínú púpọ̀ wọn, inú ẹsẹ̀ yìí ni pọ́ǹpù omi wà pẹ̀lú, rọ́bà kékeré tí ó ní apá bí ìràwọ̀, tí ń fa omi gòkè láti tu ẹ́ńjìnnì lára. Iyanrìn ni ọ̀tá rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì púpọ̀ fi ní ihò tí omi ń gba ibẹ̀ tú jáde ní ẹ̀gbẹ́. Mo máa ń wí fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi pé ẹ́ńjìnnì tí kò bá tọ̀, àìsàn ń ṣe é, kí a tètè pa á. Láti ọdún 1984, nígbà tí koríko ojú omi tí ó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò ti gba ìhà Bàdágìrì wọ omi wa, ewu yìí ti pọ̀ sí i, nítorí pé koríko náà a máa dí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé, a sì máa ká mọ́ abẹ̀bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ síńkì ni ó ya èmi fúnra mi lẹ́nu jù. Bí irin oríṣi méjì bá fara kanra nínú omi iyọ̀, ọ̀kan yóò máa jẹ run nítorí ìkejì. Ní ọdún 1824, Humphry Davy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé bí a bá so síńkì tàbí irin mọ́ bàbà tí a fi bo ìdí ọkọ̀ ogun, síńkì ni yóò máa jẹ, bàbà yóò sì là. Títí di òní olónìí, a ṣì ń de ègé síńkì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì kí ó lè máa kú ní ipò rẹ̀. Ti omi iyọ̀ ni síńkì. Fún omi odò tí kò ní iyọ̀, irin mìíràn tí a ń pè ní mágnísíọ̀mù ni ó yẹ. Nígbà tí ó bá jẹ tó ìdajì, kí a pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe kùn ún ní ọ̀dà kí ó lè dán, nítorí síńkì tí a kùn kò lè ṣe iṣẹ́ kankan mọ́. Lẹ́yìn ìrìnàjò lórí omi iyọ̀, kí a fi omi tí ó mọ́ fọ inú ẹ́ńjìnnì, kí a sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró gangan títí omi inú rẹ̀ yóò fi ro tán.

Ọkọ̀ irú ti Wynne ní ewu kan tí ti Evinrude kò ní. Níbi tí ẹsẹ̀ ti yọ láti ìdí ọkọ̀, rọ́bà oníṣẹ́ẹ́po bíi ti ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni ó bo ihò náà. Bí rọ́bà yìí bá ya, omi yóò gba ibẹ̀ wọ inú ọkọ̀, ọkọ̀ sì lè rì sí èbúté lóru nígbà tí olówó rẹ̀ ń sùn ní ilé. Kí a máa tẹ̀ ẹ́ wò ní ọdọọdún, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó sán.

Ẹ̀yin ará ìdálẹ̀ ni mo fẹ́ bá sọ èyí tí ó kàn. Ọkọ̀ èrò tí ń ná Igbókòdá lójoojúmọ́ kì í sábà kú irú ikú tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ń kú. Ọkọ̀ èrò ni oúnjẹ olówó rẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìgbafẹ́ a máa dúró sínú omi láti oṣù kìíní títí di Kérésìmesì. Omi tí ó ti wọ inú àpótí gíà a máa jókòó síbẹ̀ ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, a máa dípẹtà, síńkì a sì jẹ tán láìsí ẹni tí ó wò ó. Ọjọ́ ọdún ni a ó wá kó ìyàwó, ọmọ, àna àti àlejò sínú rẹ̀. Lójú tèmi, àìṣiṣẹ́ ń ba ẹsẹ̀ ọkọ̀ jẹ́ ju iṣẹ́ lọ. Ẹni tí kò bá sí nílé kí ó fi owó ọ́ìlì àti wáṣà ránṣẹ́ ṣáájú oṣù kejìlá, kí ó sì béèrè àwọ̀ ọ́ìlì tí a tú jáde, kí ó má ṣe béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì ń dún. Ìmọ̀ iṣẹ́ náà kò sì jìnnà sí wa. Rufus Giwa Polytechnic wà ní Ọ̀wọ̀, láti ọdún 1979 ni a ti dá a sílẹ̀, àwọn ọmọ wa sì ń kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì níbẹ̀; ìrìnàjò wákàtí díẹ̀ ni ó wà láàárín wọn àti èbúté tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń wọ ọkọ̀.

Ní ọdún 2016 mo tún ní ìdí láti gba Igbókòdá kọjá, mo sì rí ọkọ̀ funfun náà ní èbúté. Ọ̀dọ́mọkùnrin ìjọ́sí ti di bàbá ọmọ. Ó dá mi mọ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Olùkọ́, ẹ wá wo nǹkan.” Ó ṣí pákó abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n kọ ọjọ́ sí ara rẹ̀ ní ọ̀wọ́ mẹ́ta: ọjọ́ ọ́ìlì, ọjọ́ rọ́bà pọ́ǹpù, ọjọ́ síńkì. Àjẹ̀ méjì ni ó wà ní abẹ́ rẹ̀, tí a fi okùn dè. Mo bi í pé ṣé ẹfun ìkọ̀wé ni ó fi kọ ọ́, kí n lè máa mú díẹ̀ wá fún un láti ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní rárá, ẹfun kì í pẹ́ lára pákó tí ó tutù. Ọ̀dà ni òun ń lò.